Ọbẹ̀ Tòmátì Ítálì àti Bọ́tà Faransé

Ẹ̀yin ará Tube, ẹ̀yin ará Owódé, àti ẹ̀yin tí ẹ pàdé mi lọ́jà Ìlaròó tí ẹ ń fà mí láṣọ, ẹ jẹ́ kí n jókòó kí n sọ ọ́ tán. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí: "Ìyá Kúdí, nínú oúnjẹ àwọn ará Ítálì àti ti àwọn Faransé, èwo ló dùn jù?" Bí mo bá fi gbólóhùn kan dáhùn, ẹ ó ní mo kàn ń sọ̀rọ̀ lásán ni. Nítorí náà, láti ilé ni n ó ti mú un.

*

Ìdí ààrò ni mo dàgbà sí. Ìyá mi ta ẹ̀wà ní Tube títí ó fi dàgbà, èmi náà sì ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn awakọ̀ àti oníṣòwò ní Owódé. Àwa tí wọ́n bí sí ẹnu ibodè, Faransé kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ nínú rédíò. Ní kékeré, bí èmi àti ìyá mi bá sọdá sí òdìkejì, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, búrẹ́dì gígùn tí èèpo rẹ̀ máa ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu ni mo máa ń tọrọ, kí wọ́n là á láàrin, kí wọ́n fi bọ́tà pa inú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé kò sí ẹni tó mọ oúnjẹ bí àwọn Faransé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń lọ sí ìlú òyìnbó, mo máa ń sọ pé, "Bí kì í bá ṣe Faransé, kí lo fẹ́ lọ jẹ níbẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí sì lọ fẹ́ ará Ítálì.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Kúdírátù lọ kọ́ lọ́hùn-ún tó fi pàdé Davide. Ọmọkùnrin náà gba ẹ̀sìn, a so yìgì, àwa ní Tube sì sọ ọ́ di Dáwúdù. Oyún àkọ́kọ́ tí Kúdí ní kò dúró. Nígbà tí èkejì wá wọ oṣù rẹ̀, ó pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ọmọdé. Ó ní, "Màmá, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ wá." Ìyá wo ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí yóò tún jókòó?

Àsìkò náà, wọ́n ti ti ẹnu ibodè pa. Ẹ̀yin náà kò gbàgbé. Owódé dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé tí wọ́n ṣí kúrò nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kò wá mọ́, ìrẹsì òkèèrè di àwátì, tòmátì alágolo wọ́n bí ojú, àwọn tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi sì ti fọ́n ká. Mo dojú ìkòkò délẹ̀, mo ní bí ọjà bá sùn, èmi kò ní bá a sùn. Bàbá Kúdí, ọkọ mi, tó ń dáko àgbàdo ní Tube, ló sìn mí dé ìdí ọkọ̀. Kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Lọ bá mi dúró ti ọmọ mi. Bí o bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ya ọ̀dọ̀ Ràsákì, kí o bi í bóyá ó ṣì mọ̀ pé a wà láyé."

Ràsákì ni àbúrò mi ọkùnrin. Faransé ló fi ṣe ilé. Mo sọ nínú ara mi pé, ó dáa, n ó lọ ṣe ojúṣe mi ní Ítálì, n ó wá lọ jẹ oúnjẹ gidi ní Faransé.

*

Ìlú kékeré kan nítòsí Verona ni Kúdí àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí mo dé, ewé igi ti pọ́n bí epo, òtútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa. Abẹ́ aṣọ ló ń gbà wọlé. Dáwúdù wá pàdé mi, ojú rẹ̀ pọ́n, kò tíì sùn. Ó fi Yorùbá díẹ̀ tí Kúdí ti kọ́ ọ sọ pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Kúdí, pé obìnrin ló bí, àti pé ìyá àti ọmọ wà láàyè. Mo ní, "Alihamudulilai."

Bí a ṣe wọ ilé ìyá rẹ̀, níbi tí Kúdí yóò wà títí ara rẹ̀ yóò fi le, obìnrin kan tó ga, tí irun rẹ̀ funfun bí òwú, jáde láti ilé ìdáná. Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ ọmọ mi nìyí, Màmá Ornella tí Kúdí máa ń sọ. Mo kúnlẹ̀ láti kí i. Obìnrin yìí figbe ta! Ó rò pé òtútù ti gbé mi ṣubú ni. Ó sáré wá, ó ki ọwọ́ bọ abíyá mi, ó ń fà mí sókè. Èmi náà rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ló ń hù, ni mo bá tún kúnlẹ̀ dáadáa. Ó fà mí, mo wúwo mọ́lẹ̀. Ó tún fà mí. Dáwúdù rẹ́rìn-ín títí àpótí mi fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó túmọ̀ ohun tí mò ń ṣe fún ìyá rẹ̀, obìnrin náà sún mọ́ mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú, ó fẹnu kò mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó fẹnu kò mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tó tíì di ojú mi mú báyẹn.

*

Ẹ wá gbọ́ nípa jíjẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún àlejò, ohun gbogbo wà nínú àwo: ìrẹsì, ọbẹ̀, ẹran. Màmá Ornella gbé makaróónì tó fọwọ́ ara rẹ̀ pò síwájú mi, ọbẹ̀ tòmátì pupa lórí rẹ̀, kò sí ẹran níbẹ̀. Mo ní bóyá nǹkan le fún wọn. Mo jẹ ẹ́, mo tún gbà sí i, mo dúpẹ́, mo ti ń wá omi tí n ó fi ṣan ọwọ́. Àfi bó ṣe gbé ẹran jáde! Lẹ́yìn ẹran, ewébẹ̀. Lẹ́yìn ewébẹ̀, èso. Mo wo Dáwúdù, ó ní, "Màmá, makaróónì yẹn kàn ń ṣílẹ̀kùn ni."

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí n ran onílé náà lọ́wọ́. Ó gbé omi kaná, mo mú sìpágẹ́tì, mo ṣẹ́ ẹ sí méjì, kọ̀ọ́, kí ó lè wọ inú ìkòkò, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe é. Màmá Ornella gbá orí mú bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ó gba èyí tó kù lọ́wọ́ mi, ó kó o pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fọ́ àwo aláwo.

Ó sì tún lójú àánú, obìnrin yẹn. Kí n tó dé ló ti kó gbogbo ẹran ẹlẹ́dẹ̀ inú ilé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó fọ ìkòkò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ra ẹran lọ́dọ̀ alápatà Mùsùlùmí kan tó jìnnà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an. Ọ̀kan ṣoṣo ni n kò lè bá wọn jẹ nínú ohun tí mo bá pàdé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn. Ẹran dúdú kan tó rọ̀ bí ẹ̀dọ̀ ni, òórùn rẹ̀ dára. Mo bi Dáwúdù pé ẹran kí ni.

"Ẹṣin ni, Màmá."

"Ẹṣin? Èyí tí ọba ń gùn?"

"Òun náà ni."

Mo rọra ti àwo náà síwájú rẹ̀.

*

Nígbà tí Kúdí ti ilé ìwòsàn dé, ayọ̀ wọlé, àmọ́ ìdààmú tẹ̀ lé e. Ọmọ mi kò jẹun. Màmá Ornella se omi adìyẹ fún un, ó fi makaróónì wẹ́wẹ́ sí i. Kúdí bu ṣíbí kan, ó gbé e sílẹ̀. Èmi se ẹ̀fọ́ gbígbẹ àti ẹja tí mo gbé láti ilé. Òórùn rẹ̀ ṣáà gba gbogbo ilé kan, Kúdí bì, Màmá Ornella sáré ṣí gbogbo fèrèsé, òtútù ya wọlé. Èmi àti obìnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wa ní ìwò ẹ̀gbẹ́. Ìyá méjì nínú ilé ìdáná kan, tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, tí oúnjẹ wọn méjèèjì kò ṣiṣẹ́! Bó bá gbé ìkòkò tirẹ̀ kaná, èmi a gbé tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó bá ẹnì kejì jà. Ìbá tiẹ̀ sàn kí á jà.

Ọmú Kúdí kò sì wá dáadáa. Ọmọ ń sunkún, ìyá rẹ̀ náà ń sunkún. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n ní bí ó bá ń bá a lọ báyìí, àwọn yóò dá a padà sí ilé ìwòsàn. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Kúdí, torí Ọlọ́run, kí lo fẹ́ jẹ?"

Ó kọjú sí ògiri. "Màmá, kì í ṣe pé n kò fẹ́. Ọ̀fun mi ni kò gbà á. Gbogbo rẹ̀ rí bí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu mi. Mo ń rò ó pé èyí náà máa lọ bíi ti àkọ́kọ́."

Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ mi, mo sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sí ilé ìdáná tí ara mi ti rẹ̀. Màmá Ornella gbé ìkòkò ẹlẹ́nu gbòòrò kan kaná. Nígbà tí omi hó, ó ń da ìyẹ̀fun kan sí i, ó sì ń fi igi rò ó. Ìyẹ̀fun náà ń hó pọ̀, pọ̀, pọ̀. Etí mi ló kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́ kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. Mo dìde. Àgbàdo! Wọ́n ń pè é ní pòléntà, àmọ́ ọkà àgbàdo ni, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nígbà tí Kúdí wà ní kékeré ní Tube, bí ibà bá ṣe é tí kò fẹ́ fẹnu kan nǹkan kan, ìyá mi a se àmìwò fún un, ọkà pupa tí àwọn Ègùn òdìkejì máa ń fi omi adìyẹ àti tòmátì rò. Kúdí kì í kọ̀ ọ́.

Mo na ọwọ́ sí orógùn náà. Màmá Ornella wò mí. Ó wo orógùn. Ó gbé e fún mi.

Mo bu omi adìyẹ tirẹ̀ sí ìkòkò mìíràn. Mo da ọbẹ̀ tòmátì tirẹ̀ sí i. Mo fi ata díẹ̀ àti atalẹ̀ tèmi sí i. Nígbà tó hó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyẹ̀fun sí i, mò ń rò ó. Ìkòkò náà ń sá fún mi lórí iná gáàsì, n kò sì lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bíi tilé. Láìsọ̀rọ̀, Màmá Ornella mú aṣọ ìdìkòkò, ó di etí ìkòkò náà mú gírígírí. Mò ń rò, ó ń dì í mú. Òógùn ń bọ́ lójú àwa méjèèjì.

A kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ohùn kan jáde láti yàrá: "Màmá! Ṣé àmìwò nìyẹn?"

Mo bù ú sínú àwo, mo gbé e wọlé. Kúdí kò gba ṣíbí. Ó ṣan ọwọ́, ó ní Bísímílà, ó bù ú, ó fi sẹ́nu, ó pa ojú dé. Ó tún bù ú. Nígbà tó nu ìdí àwo náà tán, ó gbé e sókè sí mi, ó ní, "Ó kù?"

Màmá Ornella jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó bú sẹ́kún. Èmi náà bá a sun tèmi, àmọ́ ẹkún ayọ̀ kì í pẹ́. Kò pẹ́ tí a fi ń rẹ́rìn-ín. Kí n tó mọ̀, ó ti lọ mú wàràkàṣì, ó ti ń ha á sórí àmìwò tó kù nínú ìkòkò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Rárá o! A kì í ṣe é bẹ́ẹ̀!" Kúdí túmọ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó di ojú ọgbẹ́ rẹ̀ mú. Màmá Ornella fi ìka bù ú, ó fi sí mi lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́: ó dùn.

Ojoojúmọ́ la ń ro àmìwò lẹ́yìn náà, tèmi láìsí wàrà, tirẹ̀ pẹ̀lú wàrà. Ọmú bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọmọ mu, ó yó, ó sùn. Àmínà la sọ ọ́, nítorí orúkọ náà rọrùn lẹ́nu ìhà méjèèjì. Nígbà tí mo fi máa kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ bọ̀kọ̀tọ̀, Kúdí sì ti ń bá mi jà nítorí ẹran nínú àwo.

*

Mo wá dé Faransé, ilẹ̀ tí mo ti ń yìn láti kékeré. Lyon ni Ràsákì wà pẹ̀lú Sylvie ìyàwó rẹ̀. Inú mi dùn débẹ̀, nítorí mo gbọ́ èdè. Ní Ítálì, odi ni mí. Ní Faransé, mo lẹ́nu. Àṣé Faransé ọjà ibodè ni tèmi! Nígbà tí bàbá Sylvie wọlé láti wá kí mi, mo dìde, mo ní, "Bọ̀n arifé!" gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó bá dé ní òdìkejì wa. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní èmi ni mo dé láti òkèèrè, pé onílé ni òun. Ó kọsẹ̀ lára àga, mo ní, "Dúsúmà, Bàbá, dúsúmà," tí í ṣe pẹ̀lẹ́ lẹ́nu àwọn ará Kútọnu. Àṣé "má sáré" ni lọ́dọ̀ tiwọn; ó ní rárá, òun kò sáré kankan.

Sylvie ṣe mí lóore. Ó mọ̀ pé n kì í fẹnu kan ọtí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọbẹ̀ wọn tí wáìnì kò wọ̀. Ó wá ọ̀nà mìíràn láti fi se ehoro fún mi, bọ́tà àti èso mọ́sítádì ló fi sè é, ọbẹ̀ náà ń dán bí aṣọ àrán. Ó dùn! Búrẹ́dì wọn ńkọ́? Èyí tí mo jẹ ní kékeré, ọmọ ìyá rẹ̀ ni, àmọ́ èyí ni àkọ́bí. Mo jẹ ẹ́ láàárọ̀ bí ẹni tó padà sílé ìyá rẹ̀.

Ìgbín wọn kò ju ìṣáwùrú lọ. Mo wá a títí nínú ìkarahun. Wàràkàṣì wọn kan ń rùn ju irú wooro lọ, wọ́n sì gbé e wá lẹ́yìn oúnjẹ bí ohun iyì. Èmi tí mo ti ń jẹ irú láti kékeré, n kò lẹ́nu láti bú u. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bọ́tà abúlé yìí, bọ́tà abúlé yẹn. Oòrùn yí kúrò lójú fèrèsé, a ṣì wà nídìí tábìlì. Lọ́dọ̀ ìyá mi, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí oúnjẹ ni ẹran máa ń fò.

Bàbá Sylvie wá gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Màdáàmù, Ítálì lẹ ti ń bọ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún wa. Oúnjẹ ta ló dára jù?"

Ràsákì tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, ó fi Yorùbá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọgbọ́n sọ ọ́. Àna mi ni."

Ṣùgbọ́n ta ni ọlọ́gbọ́n láàrin àwọn tó ń ta oúnjẹ? Bí ọbẹ̀ bá dùn, a ní ó dùn. Mo fi Faransé ibodè mi sọ pé, "Bàbá, láti kékeré ni mo ti ń búra pé tiyín ló dára jù. Búrẹ́dì yín, kò sí ẹni tó ní irú rẹ̀. Bọ́tà yín náà. Àmọ́ ọbẹ̀ yín, mo gbọ́dọ̀ béèrè kí n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ti Ítálì, mo rí tòmátì, mo rí òróró, mo rí àlùbọ́sà. Mo lè wọ ilé ìdáná wọn lónìí kí n sè é. Bó bá jẹ́ pé tèmi lẹ bi, Ítálì ni mo mú."

Ojú Ràsákì wà nínú àwo rẹ̀. Bàbá náà wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Màdáàmù, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti fẹ́ràn makaróónì ju gbogbo nǹkan tí ìyàwó mi ń sè lọ. Obìnrin náà ti di olóògbé, n kò láyà láti sọ ọ́ fún un rí." Sylvie fi aṣọ ìnuwọ́ lù ú lápá, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ kejì, èmi ni n ó wọ ilé ìdáná.

Mo wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Mo se makaróónì bí Màmá Ornella ṣe kọ́ mi, n kò ṣẹ́ ọ̀kan níbẹ̀. Bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́, mo jẹ́ iṣẹ́ tí ọkọ mi rán mi sí Ràsákì, ó sì gbé fóònù, ó pe Bàbá Kúdí ní Tube. Nígbà tó gbọ́ ohùn àna rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ òjò àti àgbàdo, ó kúrò nídìí tábìlì, ó lọ dúró sẹ́nu fèrèsé, ẹ̀yìn rẹ̀ sí wa. Wọ́n pẹ́ gan-an lórí fóònù náà.

*

Mo dé, ẹnu ibodè ṣì wà ní títì. Àwọn obìnrin Owódé ń bi mí bóyá n ó dúró de ìgbà tí wọ́n máa ṣí i kí n tó dáná. Mo ní kí ni mò ń dúró dè? Tòmátì ń pọ́n ní oko Ayétòrò, a kì í wò ó nítorí alágolo. Mo ra apẹ̀rẹ̀ kan. Mo gé àlùbọ́sà sí òróró, mo da tòmátì sí i láìbu omi sí i, mo jẹ́ kí iná kékeré ṣe iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi ki. Ewé kan wà tí Màmá Ornella máa ń já sí i nígbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀fìrín wa yìí ni. Mo já ẹ̀fìrín sí i láti ẹ̀yìnkùlé. Mo fi sórí ẹ̀wà tí mo pò mọ́ makaróónì.

Àwọn ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ìyá Kúdí, kí lèyí?" Mo ní ẹ jẹ ẹ́ ná. Àwọn ọlọ́kadà pe àwọn oníṣòwò tí kò níṣẹ́, àwọn oníṣòwò pe àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ọ̀nà. Gbogbo wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ẹni tó ń ṣọ́ ibodè àti ẹni tó ń bú u, wọ́n ń nu àwo. Kí wọ́n tó pe ìrun àìlà, ìkòkò ti mọ́ féfé.

Bàbá Kúdí ti oko dé lẹ́yìn náà, ó ti gbọ́ ọ lọ́nà. Ó ṣí ìkòkò, ó bojú wò ó, ó fi ìka pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó lá a. Ó tún pa á, ó tún lá a. Ó bò ó padà, ó wò mí.

Ó ní, "Lọ́la, bu tèmi sílẹ̀ kí o tó ṣílẹ̀kùn."